Ìwé Àdéhùn Ìjàpá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fììrìgbágbòó, kò balẹ̀ síbòmíràn, ó balẹ̀ sórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, àti Àgbébọ̀ adìyẹ tó ń gbé nílùú Ọ̀tà.

Láyé àtijọ́ (ẹ má rẹ́rìn-ín, ayé àtijọ́ tí mò ń wí yìí kò jìnnà ju ìgbà tí bàbá yín ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé), àwọn ẹranko ló ń dáko láti Ojú-Ọrẹ títí dé Àtàn, lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà Ìdírókò. Kò sí olóko ńlá kankan láàárín wọn. Ọ̀yà gbin àgbàdo àti ìrèké díẹ̀ sí bèbè odò Àtùwárà. Òkété gbin ẹ̀gẹ́. Ìgbín ní ebè ilá mélòó kan tó máa ń fi odidi ọ̀sẹ̀ kan rìn yí ká. Ewúrẹ́ kò gbin nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò sí ìkórè tí kò sí níbẹ̀.

Ní ti Àgbébọ̀, ilẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kò tóbi. Igi àgbálùmọ̀ kan wà níwájú rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ méje wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ààtàn ńlá kan sì wà láàárín, tó kún fún ìkán àti ekòló. Níbẹ̀ ló ti ń jẹun, níbẹ̀ ló ti ń bọ́ ọmọ. Bó bá yé ẹyin, á tà lára rẹ̀, á sàba lé ìyókù. Àwọn ará ọjà mọ ẹyin rẹ̀, tí inú rẹ̀ máa ń pupa fòò. Ní ìdájí, tí Àkùkọ ọkọ rẹ̀ bá ti kọ tán, Àgbébọ̀ á bọ́ sórí ààtàn, á máa kọrin, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa gbè é. Ẹ̀yin náà, ẹ bá mi gbè é:

Mo fẹsẹ̀ túlẹ̀, mo rí ìkán,
Kẹ́kẹ́rẹ́kẹ̀.
Mo fẹsẹ̀ túlẹ̀, mo rí ekòló,
Kẹ́kẹ́rẹ́kẹ̀.
Èyí tí mo jẹ, mi ò bọ́gàá pín in,
Kẹ́kẹ́rẹ́kẹ̀.
Èyí tí mo yé, mi ò kà á fẹ́nìkan,
Kẹ́kẹ́rẹ́kẹ̀.
Ẹyin tèmi, ọmọ tèmi, ilẹ̀ ìyá mi,
Kẹ́kẹ́rẹ́kẹ̀.

Ó dáa. Ẹ má gbàgbé ègbè yẹn, nítorí Ìjàpá kò ní í gbàgbé rẹ̀.

Ó di ọjọ́ kan, Kìnìún ọba ẹranko jí, ó ní òun lálàá. Ó ní nínú àlá náà, gbogbo ilẹ̀ wà lọ́wọ́ òun, òun sì ń bá gbogbo ẹranko tọ́jú rẹ̀. Ológbò akọ̀wé mú gègé, ó sọ àlá di òfin: ẹni tó ń roko lè máa ro ó lọ, títí ọjọ́ tí ọba bá nílò ilẹ̀ náà fún ànfààní gbogbo ìlú. Bí ọjọ́ náà bá dé, wọ́n á sanwó ohun tó gbìn àti ohun tó kọ́ sórí ilẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lówó lórí.

Ẹ̀yin rò pé àwọn ẹranko nìkan ni? Ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà 1978 ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde, tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀, irè oko àti ilé orí rẹ̀ ni wọ́n ń ṣírò fún un. Ọdún méjì ṣáájú òfin yẹn, ní 1976, ìjọba kan náà ti ń ké sí tọmọdé tàgbà pé kí wọ́n dáko, nínú ètò tí wọ́n pè ní Operation Feed the Nation. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà 1979, Ọ̀gágun gbé ìjọba fún alágbádá, ó sì wá sí Ọ̀tà wa níbí wá dáko, ó ń sin adìyẹ. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Oko yẹn kọ́ ni àlọ́ mi dá lé. Ìjàpá ni mo ní.

Ìjàpá ò ní oko, kò ní ọkọ́, kò tilẹ̀ ní àdá. Ohun tó ní ni ìrìn àjò. Ó ti bá ẹrù ẹlẹ́rù dé Amẹ́ríkà rí, ó dé ìpínlẹ̀ Georgia, nílùú Gainesville, níbi tí wọ́n ti sọ ìtàn Jesse Jewell fún un. Ìtàn tòótọ́ ni, kì í ṣe àlọ́. Ọkùnrin yìí ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ tí àgbẹ̀ kò rówó ra nǹkan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó òròmọdìyẹ àti oúnjẹ fún wọn láwìn. Bí adìyẹ bá tóbi, á wá kó o, á tà á, á yọ owó tirẹ̀, á sì fún àgbẹ̀ ní ìyókù. Nígbà tó yá, ó ní ilé ẹ̀rọ tó ń sàba, ó ní ilé ẹ̀rọ oúnjẹ, ó ní ibi tí wọ́n ti ń pa adìyẹ. Àgbẹ̀ ní ilé adìyẹ àti gbèsè tó fi kọ́ ọ.

Ìjàpá gbọ́ ìtàn yìí tán, ó fọwọ́ lu igbá ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní: “Áà! Kí ni mo tún ń wá kiri? Ẹni tó ní adìyẹ kò ní nǹkan kan. Ẹni tó ní oúnjẹ adìyẹ ló ni adìyẹ.”

Ó padà sílé. Ó gba ààfin lọ. Ó ṣèlérí ẹyin sísè mẹ́ta fún Kìnìún láràárọ̀. Kìnìún wo òfin, ó rí i pé ẹyin mẹ́ta láràárọ̀ jẹ́ ànfààní gbogbo ìlú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ológbò ti dé iwájú ilé Àgbébọ̀ pẹ̀lú okùn ìwọ̀nlẹ̀.

“Àgbálùmọ̀, ọ̀kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, méje.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ààtàn mi ńkọ́?” Àgbébọ̀ ló béèrè.

“Ààtàn kì í ṣe irè oko.”

“Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ńkọ́?”

“Ìyẹn ti Kábíyèsí.”

Bí wọ́n ṣe gé àgbálùmọ̀ nìyẹn. Wọ́n fi kátápílà kó ààtàn dànù, ìkán àti ekòló bá a lọ, wọ́n sì da kankéré sójú ibẹ̀. Orí kankéré náà ni Ìjàpá kọ́ ilé ẹ̀rọ oúnjẹ adìyẹ sí. Ẹ̀yìnkùlé nìkan ló kù fún Àgbébọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń fẹsẹ̀ ha kankéré láìrí nǹkan kan, Ìjàpá fúnra rẹ̀ kanlẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí tírélà yẹn kọjá ná… Ó ti lọ.

“Ìyá Àgbébọ̀, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

“Òò, ọkọ Yánníbo. Kí lo gbé lọ́wọ́ yẹn?”

“Ìdàgbàsókè ni, mà. Ẹyin mélòó lẹ ń yé lọ́dún?”

“Èmi ò kà á rí.”

“Mo mọ̀. Ẹ̀yin adìyẹ ìbílẹ̀, bí ẹ bá sapá, 40 sí 60. Àwọn adìyẹ àgríìkì ń yé tó 300. Èkó ń dàgbà, ebi ń pa á, ẹ̀yin ń jókòó lé ẹyin.”

Kí n sọ tòótọ́: Ìjàpá kò purọ́ níbí yìí. Èkó ń dàgbà lóòótọ́, ẹyin ààtàn kò sì lè bọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, à bá ti lé e lọ láti ìdájí. Ibi tí òótọ́ rẹ̀ parí sí ni ìwé àdéhùn ti bẹ̀rẹ̀.

Ológbò ka ìwé náà. Iléeṣẹ́ á mú òròmọdìyẹ wá, á mú oúnjẹ wá, á mú oògùn wá. Àgbébọ̀ á mú ilẹ̀ wá, á kọ́ ilé adìyẹ, á pọn omi, á kó ìgbẹ́, á sì fi àwọn ọmọbìnrin tirẹ̀ kún un. Iléeṣẹ́ ló ni ẹyin. Lópin ọdún wọ́n á yọ owó oúnjẹ, wọ́n á yọ owó oògùn, èyí tó bá ṣẹ́ kù di ti Àgbébọ̀. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí lẹ́tà rẹ̀ kò tóbi ju ìdin lọ. Bí Ológbò ṣe débẹ̀, ikọ́ mú un. Àgbébọ̀ fi èékánná tẹ ìwé.

Ẹ wá wo inú ilé adìyẹ náà. Àhámọ́ onírin, àjà lórí àjà. Ààyè tí wọ́n fún adìyẹ kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Bó bá na apá kan, ojú ẹlòmíràn ló bọ́ sí. Wọ́n fi irin gbígbóná gé ṣóńṣó ẹnu wọn kí wọ́n má baà ṣá ara wọn jẹ. Ilẹ̀ àhámọ́ náà dagẹ̀rẹ́ díẹ̀: bí ẹyin bá ti bọ́, á yí gbirigbiri lọ sínú kòtò tó wà níta, kí ẹni tó yé e tó bojú wẹ̀yìn. Iná ibẹ̀ kì í tètè kú. Wákàtí 16 lójúmọ́ ni wọ́n ń tàn án, nítorí adìyẹ tó bá rí ìmọ́lẹ̀ pẹ́ ni ń yé déédéé. Kí lo wí, ìwọ ọmọ yìí? Pé adìyẹ ní iná, àwa ò ní? Adìyẹ ń yé ẹyin. Kí ni ìwọ ń yé?

Wọ́n pe Àkùkọ wá sí ọ́fíìsì. “Ẹ̀ka wo lo ti ń ṣiṣẹ́?”

“Èmi ni mò ń kọ láàárọ̀, sà.”

“A ní sáírìn.”

Wọ́n fún un ní lẹ́tà. Oko ẹyin kò nílò akọ. Àwọn òròmọdìyẹ tó bá jẹ́ akọ, ọjọ́ tí wọ́n bá jáde nínú ẹyin ni wọ́n ti ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀, wọn kì í sì pẹ́ láyé. Ti Àkùkọ tiẹ̀ sàn. Ó ń ta píọ̀-wọ́tà lábẹ́ afárá Sàngó, ohùn rẹ̀ sì ń ràn án lọ́wọ́.

Ọdún parí. Ológbò ṣírò. Owó oúnjẹ ti jẹ gbogbo ẹyin tán, ó ku kíréètì mẹ́ta tí Àgbébọ̀ jẹ iléeṣẹ́. “Kí ni ká ti ṣe é báyìí, mà? Ààyè kan ṣófo lójú irin kẹrin.” Báyìí ni Àgbébọ̀, onílẹ̀, ṣe wọ àhámọ́ nínú ilẹ̀ ìyá rẹ̀ láti fi ara san gbèsè. Wọ́n gé e lẹ́nu. Ní alẹ́, tí iná ń tàn wàìwàì, ó kọrin, àwọn tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ń gbè é pẹ̀lú ẹnu tó kù:

Mo yé ẹyin, ẹyin yí lọ,
Kẹ́… kẹ́…
Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò bá a mọ́,
Kẹ́… kẹ́…
Ẹsẹ̀ ń yún mi, kò sílẹ̀ tí mo lè tú,
Kẹ́… kẹ́…
Ọkọ Yánníbo, ta ló lọmọ?
Kẹ́… kẹ́…
Ìwé ló yé e, àbí èmi ni?
Kẹ́… kẹ́…

Ìjàpá ń kọjá lọ lẹ́yìn ilé, ó gbọ́. Orin náà dùn mọ́ ọn. Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ̀ tó gbé gbohùngbohùn ti ń lọ láti Jojú dé Ìyànà-Ìyẹ̀sí: “Ẹyin Ìjàpá, ẹyin tó dá múṣémúṣé! Kẹ́kẹ́rẹ́kẹ̀!” Gbogbo ọmọdé Sàngó mọ ègbè náà. Bí ẹ bá sọ fún wọn pé orin ààtàn ni, wọ́n á bi yín pé kí ni ààtàn.

Àwọn yòókù ńkọ́? Tiwọn kò gùn. Adìyẹ tó ń yé ẹyin ń jẹ tó gíráàmù 110 sí 120 lóòjọ́, àgbàdo sì ni bí ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà Ìjàpá ń ra àgbàdo Ọ̀yà nígbà ìkórè, tí kò sí ẹni tí kò ní àgbàdo, á dì í sínú àká onírin títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi dé. Lẹ́yìn ìkórè mélòó kan Ọ̀yà ta ilẹ̀ fún Erin, ẹni tó ń yọ́ irin àlòkù. Omi Àtùwárà yí àwọ̀. Àrọ̀ tó ń gbé inú rẹ̀ di ẹrù, kò rí ibi tó máa gbé e lọ. Òkété ń gbẹ́ gọ́tà fún Erin. Ìgbín nìkan ni kò tíì fọwọ́ sí ìwé kankan, kì í ṣe pé ó kọ̀ ọ́: ó ṣì ń rìn bọ̀ lọ́nà ọ́fíìsì ni, fẹ́ǹsì sì ti yí ebè rẹ̀ ká kó tó débẹ̀.

Ìjàpá tún lọ bá Kìnìún. Ó ní adìyẹ inú yìnyín láti Kùtọnu ń gba Ìdírókò wọlé, ó ń pa àwọn àgbẹ̀ kéékèèké lára, àánú wọn sì ń ṣe òun. Kìnìún ti ẹnubodè. (Tiwa náà, oṣù Ògún 2019 ni wọ́n tì í, ìparí 2020 ni wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, bẹ́ẹ̀ adìyẹ inú yìnyín yẹn, láti nǹkan bí 2003 ni òfin ti dè é.) Owó ẹyin lọ sókè. Ìjàpá dúpẹ́ lọ́wọ́ Kábíyèsí lórúkọ Àgbébọ̀, ó sì fi owó kún owó oúnjẹ Àgbébọ̀ kó tó kúrò ní ààfin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí tí àìsàn lúkúlúkú fi wọlé. Lọ́jọ́ kìíní, adìyẹ mẹ́ta ń gbọ̀n ọrùn. Lọ́jọ́ kẹta, àjà kan ti dákẹ́. Adìyẹ tó fara pọ̀ mọ́ra báyẹn, ẹ̀mí ẹnìkan ni èkejì ń mí. Ní 2006 tí àìsàn ẹyẹ kan dé Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè wa ló kọ́kọ́ rí i ní gbogbo Áfíríkà, inú oko adìyẹ ńlá ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i. Lọ́jọ́ keje, àwọn ọmọbìnrin Àgbébọ̀ ti kú, àyàfi òun àti àwọn bíi mélòó kan lójú irin kẹrin. Àgbébọ̀ fi ẹnu tó kù ṣí ilẹ̀kùn àhámọ́, ó lọ dúró níwájú ọ́fíìsì.

“Ọ̀gá Ìjàpá, ohun tó wà nílé ti kú.”

Ìjàpá sún ìwé síwájú. Ológbò kò wúkọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ka ìlà ìsàlẹ̀ ketekete: *Adìyẹ tó bá wà láàyè, ti iléeṣẹ́ ni. Èyí tó bá kú, ti Ìyá Àgbébọ̀ ni.*

“Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, mà,” ni Ìjàpá wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé òkú yín kúrò.”

Àgbébọ̀ wò ó, kò sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n tún ìlà yẹn kà fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n tún un kà. Ó dúpẹ́.

Lóru ọjọ́ yẹn, ó lọ bá Òkété. Ajá tó ń ṣọ́ ẹnu géètì gbọ́ ìró ọkọ́, ṣùgbọ́n oṣù kẹrin rèé tí wọ́n ti jẹ ẹ́ lówó oṣù, ló bá yíjú sí ògiri. Òkété fọ́ kankéré, ó gbẹ́ ilẹ̀ jìn dáadáa. Wọ́n tẹ́ òkú sí i, wọ́n da ẹfun lé e, wọ́n bo ilẹ̀, wọ́n sì mọ òkìtì lé e. Ilẹ̀ mọ́. Ìjàpá dé ibi iṣẹ́, ó bá oórì lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ oúnjẹ rẹ̀, níbi tí àgbálùmọ̀ ti wà rí gan-an, àwọn tírélà tó kó àgbàdo wá sì tò dé títì, wọn ò lè wọlé.

Ó di ààfin.

“Kábíyèsí, ó sin òkú sórí ilẹ̀ mi!”

“Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́. Ẹ ní kí wọ́n ka ìwé rẹ̀. Ẹyin, tiẹ̀ ni. Oúnjẹ, tiẹ̀ ni. Alààyè, tiẹ̀ ni. Òkú nìkan ni ó fún mi, mo sì gbà. Àwọn ọmọ mi ni mo sin síwájú ilé ìyá mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Ọ̀tà dó, ta ló lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí ojú oórì rí?”

Gbogbo ààfin dákẹ́. Kìnìún kó ìrù rẹ̀ jọ. Ọba tí kò bẹ̀rù alààyè kan, tí ó bá ti gbọ́ “ojú oórì” ó máa ń rántí bàbá rẹ̀. Ó wo Ológbò, Ológbò ń wo ilẹ̀. Kò sí ibi tí òfin àlá ti dárúkọ òkú. Kìnìún dájọ́: kí Àgbébọ̀ máa ní oórì náà, kó ní ọ̀nà tó wọ ibẹ̀, kó sì ní ààyè tí ọlọ́fọ̀ lè jókòó sí. Kí kankéré orí ààyè náà di kíkó kúrò. Lẹ́yìn náà ló fi kún un pé kí ó má di àṣà. Ọ̀yà, tó ti sáré dé láti wá béèrè ilẹ̀ tirẹ̀, kò ní òkú kankan. Owó ni wọ́n fún un, ó sì ti ná an.

Kí Ìjàpá tó délé, ó ti yí ìwé àdéhùn padà. Láti ọjọ́ yẹn, òkú pàápàá, ti iléeṣẹ́ ni. Ó ra fírísà mẹ́fà. Ẹ má bi mí ohun tó ń kó sínú wọn. Ẹni tó ń ra adìyẹ inú yìnyín lójú títì ni kí ẹ bi.

Àgbébọ̀ jókòó sí ààyè ọlọ́fọ̀. Kò fọwọ́ kan ojú oórì, ṣùgbọ́n ó da èèpo iṣu àti ewé sí ẹ̀gbẹ́ kejì, òjò rọ̀ sí i, ìkán padà wá fúnra rẹ̀. Àkùkọ gbọ́ nísàlẹ̀ afárá, ó gbé ike píọ̀-wọ́tà fún ẹlòmíràn, ó wálé. Wọ́n tún ń pa ọmọ. Ẹyin tí wọ́n ń tà kò pọ̀, ó wọ́n, “ẹyin ìbílẹ̀” sì ni àwọn olówó ń pè é báyìí, àwọn kan ń wakọ̀ láti Ìkẹjà wá nítorí rẹ̀.

Nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, ẹnìkan wà tí kì í wá lójú ọ̀sán. Ní ìrọ̀lẹ́, á fi ìborùn bojú, á na owó, kì í dúró gba ṣéńjì, á fi ẹyin mẹ́rin mọ́ inú ìró, á sì rọra wọ́ lọ pẹ̀lú igbá lẹ́yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìjàpá ń jẹ iṣu àti ẹyin díńdín. Ó dá òkèlè dúró lẹ́nu.

“Yánníbo, ẹyin tòní yìí yàtọ̀. Ó pupa, ó dùn. Ṣé ti iléeṣẹ́ wa nìyí?”

“Tiwa ni, olówó orí mi.”

“Mo ní! Mo sọ fún wọn pé oúnjẹ tuntun yẹn á ṣiṣẹ́!” Ó nu ẹnu, ó pe Ológbò lórí fóònù, ó ní kó fi owó lé kíréètì.

Ológbò fi owó lé e.